Àjọ̀dún Àwọn Panápaná Ti Kù Sí Dẹ̀dẹ̀, Owó Kànga Kò Tíì Pé

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo Oròkí nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin bàbá wa, ìyá wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kí yín o. Iná ò ní jó wa nílé, kò ní jó wa lọ́jà.

Kànga àti táǹkì omi tí ẹgbẹ́ wa ń dáwó ṣe sí ẹ̀bá ọjà, kí ọkọ̀ panápaná lè máa rí omi pọn níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, a ò ní tún un rò. Èyí tó ká wa lára ni pé àjọ̀dún àwọn panápaná wa ti dé tán, a sì ti ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ náà, lójú àwọn àgbà ìlú, a ó fa kọ́kọ́rọ́ kànga náà lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wo ibẹ̀. A ti gbẹ́ ihò, a ti ri páìpù. Pèpéle kọnkéré ti gbẹ, àwọn ìyá wa ti ń sá èlùbọ́ lé e. Táǹkì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ òjìji rẹ̀. Irin tí yóò gbé e sókè kò tíì dé, ẹ̀rọ tí yóò fa omi kò tíì dé. Bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá ló ṣì wà.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp, pé ìgbìmọ̀ ti jẹ owó àkọ́kọ́ tí ẹ dá. Ihò yẹn lowó náà gbẹ́. Òun ló ra páìpù, òun ló ra táǹkì àti sìmẹ́ńtì. Àpáta ni agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ bá pàdé, ó di dandan kó tún ibòmíràn gbẹ́, kí a tó ṣe èyí tán, irin ti gbówó lórí. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, àwọn ayẹ̀wéwò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá. Kò sí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ yìí tó jẹ kọ́bọ̀ ìlú. Ó sì dùn wá wọra pé àwọn tí kò tíì san nǹkan kan ni ohùn wọn ròkè jù.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí kànga yìí wà fún. Ọkọ̀ panápaná tó gbé 10,000 lítà omi, bó bá ń tú 1,000 lítà síta ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 péré ló fi ń ṣófo. Àfi kó padà lọ pọnmi. Lásìkò ọyẹ́, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù ti dí ọ̀nà Ọjà Ọba pa, kó tó lọ kó tó bọ̀, ìsọ̀ aṣọ ti di eérú. Nígbà náà làwọn kan máa ń sọ òkò lu àwọn òṣìṣẹ́ yìí pé ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n gbé wá. Ọmọ wa ni wọ́n! Èéfín tí àwa ń sá fún ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Ìlú tí Ọ̀ṣun ń ṣàn nínú rẹ̀, tí UNESCO kọ igbó rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kò yẹ kó máa wá omi tí yóò fi paná.

Ẹ wo àwọn ẹlòmíràn. Ìjẹ̀ṣà fimọ̀ ṣọ̀kan, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe wọn dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Àwọn ọmọ Ọ̀fà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1943. Owó wo ló wà nílùú nígbà náà? Àwa ńkọ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ láti 1991? Òṣogbo ìlú aró, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ti gbé orúkọ rẹ̀ dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣé kànga kan ṣoṣo ló fẹ́ borí wa? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ₦10,000. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ₦250,000. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ san án sí. Ẹ kọ orúkọ àti ẹ̀ka yín sí i. Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó kéré tán, kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àjọ̀dún.

Ẹ̀yin tí ẹ dìde ní ìpàdé àpapọ̀ tí ẹ dárúkọ owó ńlá, a pàtẹ́wọ́ fún yín, a gbàdúrà fún yín, akọrin pe oríkì yín. Títí di òní, a ò rí owó náà. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àgbà ni yín, ẹ sì ti ṣe dáadáa fún ìlú yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a ó ka orúkọ àwọn tó san lọ́jọ́ àjọ̀dún, níwájú ọmọ yín, níwájú àna yín. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a wá orúkọ yín tì níbẹ̀. Bí nǹkan bá le, ẹ pe akápò, ẹ san án díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Akọ̀wé Àgbà,
lórúkọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso, Òṣogbo