Ẹ̀sùn lórí ìkòkò òdòdó méjì tí ẹ pè ní iṣẹ́ Arita ọdún 1700

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé ìtajà ohun àtijọ́,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Yorùbá ni ọmọ iṣẹ́ yín fi ta ọjà yìí fún mi lórí fóònù. Yorùbá náà ni mo fi ń kọ ẹ̀sùn mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé kò yé òun.

Ìkòkò òdòdó tánganran ni mo rà lọ́wọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbejì, ní £1,850. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán wọn ni pé Imari ni wọ́n, ìyẹn irú tánganran Jàpáànù kan tí wọ́n ń ya òdòdó sí lára, pé ìlú Arita ní ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ti mọ wọ́n ní nǹkan bí ọdún 1700, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ya òdòdó ara wọn, àti pé kò sí àbùkù kankan. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya ọrùn àti ẹnu. Ìdí wọn nìkan ni ẹ kò yà. Ìgbà tí mo dojú wọn dé ni mo mọ ìdí abájọ.

"Japan" ló wà níbẹ̀, gàdàgbà, ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì pupa. Ní ọdún 1700, àwọn Dutch nìkan ni òyìnbó tí ìjọba Jàpáànù gbà kó wá ṣòwò, erékùsù kékeré Deshima ní ìlú Nagasaki ni wọ́n sì há wọn mọ́. Ta wá ni amọ̀kòkò Arita ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí? Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 ló sọ ọ́ di dandan pé kí orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá wà lára rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Nippon" ni àwọn ará Jàpáànù kọ́kọ́ ń kọ, títí di 1921 tí Amẹ́ríkà ní àwọn ò gba ìyẹn mọ́, pé "Japan" ni kí wọ́n kọ. Ìkòkò tí ẹ tà fún mi lè má tó bàbá bàbá mi lọ́jọ́ orí.

Mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo àwọ̀ pupa ara wọn. Kò sí ipa búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, tótòtó kéékèèké ni, bíi fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ihò. Ẹnìkan ti lu ìdí ọ̀kan nínú wọn, ó jọ pé wọ́n sọ ọ́ di àtùpà rí kí wáyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wá fi nǹkan funfun dí i, wọ́n kùn ún. Ojú lásán kò tètè rí i, àmọ́ lábẹ́ iná UV, iná tí wọ́n fi ń wá ojú àtúnṣe lára ohun àtijọ́, ibẹ̀ ń tàn lọ́tọ̀. Kò burú kí ìkòkò di àtùpà. Ọ̀pọ̀ Imari gidi ni wọ́n ti lu bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á ni.

Èsì yín sí lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ṣì rẹwà, pé ẹ máa dá ìdá kan nínú márùn-ún owó náà padà, àti pé tí mo bá fẹ́ dá ọjà padà, èmi ni n óò san owó ọkọ̀. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ọjọ́ orí ni mo san £1,850 fún.

Consumer Rights Act 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Britain, ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, oníbàárà lè kọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ 30, kó gba gbogbo owó rẹ̀, owó ìdápadà sì wà lọ́rùn ẹni tó tà á. Ọjọ́ náà kò tíì pé nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín, èsì yín sì wà lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ dá owó mi padà pérépéré, kí ẹ sì rán awakọ̀ yín wá gbé ẹrù yín. Mo ti fi fóòmù wé wọn sínú páálí. Mo rí ìbejì mìíràn lójú ewé yín, "ọdún 1700" náà ni ẹ kọ sí i, kò sì sí fọ́tò ìdí. Ẹ yọ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Káàdì kírẹ́dítì ni mo fi sanwó. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá báńkì mi lábẹ́ apá 75 òfin Consumer Credit Act 1974, n óò sì fi tó Trading Standards létí, àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó òwò àìtọ́.

Fọ́tò ìdí ìkòkò méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, nígbà tí ẹ̀yin kò ti ní tiyín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbàárà yín