Baálẹ̀ ló bá wa parí ẹjọ́ màálù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àgbẹ̀ ni mí lẹ́bàá Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí. Lọ́dún tó kọjá, màálù wọ oko ẹ̀gẹ́ mi lóru. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo bá ebè tó ti fọ́, ẹ̀gẹ́ tó hú síta, ìgbẹ́ màálù tútù lórí ẹ̀. Ọmọ mi ti fa àdá yọ. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bá Baálẹ̀.

Baba ò pariwo. Wọ́n ránṣẹ́ sí Séríkí Fúlàní, òun náà sì mú darandaran wá, ọmọdé tí ò tíì hu irùngbọ̀n. Gbogbo wa jọ rìn dóko, Baálẹ̀ fúnra wọn ń fi ọ̀pá ka ebè. Baálẹ̀ ní kí àwọn Fúlàní san ₦40,000, wọ́n pín in san lẹ́ẹ̀mejì. Baálẹ̀ ní kí àwa náà má gbin nǹkan dí ọ̀nà odò mọ́. (Èyí ò dùn mọ́ mi, ilá mi wà níbẹ̀.)

Òfin tó ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 2019, Àmọ̀tẹ́kùn dé ní 2020. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ló mọ ẹni tó ni màálù. Àmọ́ baálẹ̀ tó bá ti gbowó lọ́wọ́ darandaran, kí ló fẹ́ dá lẹ́jọ́?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn baálẹ̀ ní ìwé tí wọ́n á máa kọ ẹjọ́ sí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n kọ tèmi sí, eku sì ti jẹ apá kan rẹ̀.

Àgbẹ̀ obìnrin kan,
Mọ́níyà, Ìbàdàn