Ẹ kọ iye àpò sìmẹ́ńtì, ẹ má kọ náírà nìkan: Lórí àtúnṣe ilé àtijọ́ ní Èkìtì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi sì ti ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn tún ilé bàbá àwọn ṣe, kí wọ́n sì fa yàrá kan yọ lẹ́yìn rẹ̀ kí Kérésì tó dé. "Èló ló máa jẹ́?" ni wọ́n máa ń béèrè lórí fóònù. Bíríkìlà á dá iye kan, owó á dé, iṣẹ́ á sì dúró lágbedeméjì. Wọ́n á ní bíríkìlà ló jẹ owó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iye tí wọ́n dá láìyẹ ilé wò ló fa wàhálà.

Púpọ̀ nínú ilé tó ti pẹ́ ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ìkọ̀lé àti Ẹ̀fọ̀n ló jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Ẹni tó bá dúró síta á rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ná owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì láti fi yẹ ilé wò. Ẹ gbẹ́ ihò kan sí igun ilé, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ lè rí ibi tí ìpìlẹ̀ parí sí. Ẹ fi òòlù kan ara ògiri jẹ́jẹ́: ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára amọ̀. Ẹ yọ àjà níbi méjì, kí káfíńtà gòkè lọ, kí ó máa fi ìṣó gígùn gún igi òrùlé níbi tó ti jókòó lórí ògiri. Bí ìṣó bá wọlé wọ́rọ́, ikán tàbí òjò ti jẹ igi náà, igi tuntun sì gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò. Ògiri tó bá lanu, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí òpin ojú sísán náà, kí ẹ kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì ń rìn, rírẹ́ kò lè wò ó sàn. Èyí tí ìka ọwọ́ bá lè wọ̀, ẹnjiníà ni kí ẹ pè.

Bí àjà náà bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí ó fọ́ ọ. Ẹ̀kúru rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín, ẹ yọ ọ́ lódidi, ẹ má gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ṣírò, iye àpò àti iye búlọ́ọ̀kù sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Iye owó ọjà lè yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ṣùgbọ́n iye àpò tí yàrá kan máa gbà kì í yí. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó, tí gíga ògiri rẹ̀ tó 10, tó ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì. Búlọ́ọ̀kù íńṣì 9 tí ògiri rẹ̀ máa gbà súnmọ́ 385, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́. Ipele búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó wà nínú ilẹ̀ á gba bíi 125. Kọnkéré ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ ní íńṣì 27, tó nípọn ní íńṣì 9, á gba sìmẹ́ńtì bíi àpò 14. Ilẹ̀ yàrá tó nípọn ní íńṣì 4 á gba 9. Títo búlọ́ọ̀kù á gba 11, nítorí àpò kan kì í to ju bíi 50 lọ. Líńtẹ̀, ìyẹn kọnkéré onírin tó kọjá lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó sì yí yàrá ká, á gba àpò 5, irin 12mm mẹ́fà, àti irin 8mm mẹ́rin fún òrùka rẹ̀. Rírẹ́ nínú àti lóde á gba bíi àpò 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì 49, òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti iná kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé yìí lọ́wọ́, iye owó ọjà nìkan ni á máa yí padà lórí rẹ̀.

Ìwé náà á tún jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí sìmẹ́ńtì ń gbà lọ. Àpò kan jẹ́ abọ́ irin méjì, irú èyí tí lébìrà fi ń ru kọnkéré. Kọnkéré 1:2:4 túmọ̀ sí àpò kan, iyanrìn abọ́ 4, òkúta abọ́ 8. Bí ẹ bá ka iyanrìn tó di 6, òpó yín ló ń sanwó rẹ̀.

Ẹ ó ti rí i pé ògiri mẹ́rin ni mo ṣírò, tí mi ò fi ògiri ilé àtijọ́ ṣe ìkẹrin. Ó fi búlọ́ọ̀kù tó lé ní 100 kún un, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń fẹ́ ṣọ́wó ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé àtijọ́ ti jókòó tán. Èyí tí ẹ ń kọ́ ṣì máa rì díẹ̀ bí ẹrù bá ti ń gorí rẹ̀. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fa èkejì ya. Ẹ fi àlàfo bí íńṣì kan sáàárín wọn, kí ẹ sì fi páànù pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀ lókè. Ìpìlẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ jìn ju ti àtijọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gbẹ́ ibi tó gùn tó mítà kan péré lẹ́ẹ̀kan, ẹ da kọnkéré sí i, kó gbẹ, kí ẹ tó gbẹ́ òmíràn. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé omi tó bá dúró nínú kòtò ìpìlẹ̀ á rin ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, ògiri á sì wó lójijì. Ní ìlú olókùúta bí Ìkẹ́rẹ́, ẹ lè kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà 2 péré. Ìpìlẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n owó fífọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa gbẹ́, ẹ bi àwọn àgbà ẹbí léèrè ibi tí sàréè wà nínú ọgbà. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹbí pẹ̀lú.

Ògiri amọ̀ kò lè gbé dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé alámọ̀ gbọ́dọ̀ gbé òpó kọnkéré dìde láti inú ilẹ̀, iye rẹ̀ sì súnmọ́ ti ilé tuntun.

Bí owó kò bá tó, òrùlé ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ojú àgbàrá àti kọnkéré tó yí ẹsẹ̀ ilé ká, lẹ́yìn náà wáyà iná. Táìsì àti ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Ó máa ń dùn mí láti rí táìsì olówó iyebíye lábẹ́ páànù tó ń jò. Sìmẹ́ńtì tó bá pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ ń pàdánù agbára, nítorí náà ẹ má rà á jọ. Irin àti páànù ni kí ẹ fi owó tó bá kọ́kọ́ dé rà.

Lórí gbogbo iye tí ẹ bá ní, ẹ fi ìdá 20 nínú 100 kún un fún ohun tí ilé àtijọ́ fi pamọ́. Kí ẹ sì mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà dání, kí wọ́n gbà á lẹ́yìn tí òjò ńlá méjì bá ti rọ̀ sórí páànù tí ẹnikẹ́ni kò sì rí omi nínú ilé.

Èmi ni tiyín,
Oníṣirò iṣẹ́ ilé kan,
Adó-Èkìtì.