Ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ fún àwọn dókítà tuntun lè ṣì wọ́n lọ́nà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, níbi tí òǹkàwé kan ti ń gba àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nímọ̀ràn lórí fọ́ọ̀mù ìdálẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwòsàn, èyí tí wọ́n fi ń to àwọn ibi tó wù wọ́n láti lọ kọ́ṣẹ́ tẹ̀ léra. Ó ní ibi tó bá dá wọn lójú pé wọ́n á ti rí àyè ni kí wọ́n kọ ṣáájú, kí wọ́n fi ibi tó wù wọ́n gan-an sẹ́yìn. Inú rere ló fi kọ ọ́, ó hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn kan náà yìí lè ṣe ẹnì kan lóore, kó sì ba ti ẹlòmíì jẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kò sí nínú lẹ́tà náà rárá: báwo ni àwọn tó ń pín àyè ṣe ń pín in?

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń du akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ débi pé wọ́n ń gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà tó ṣì ku nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n jáde. Nígbà tí àwọn ilé ìwé dá ìyẹn dúró, òmíràn tún yọjú: ilé ìwòsàn á nawọ́ iṣẹ́ séèyàn, á ní kó dáhùn lójú ẹsẹ̀, kó tó gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Wàhálà yìí ló bí ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1952, tí wọ́n ń pè ní Match. Dókítà á to ilé ìwòsàn bó ṣe wù ú, ilé ìwòsàn náà á to dókítà bó ṣe wù ú, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé orúkọ yín lọ síbi tí ẹ kọ ṣáájú. Bí ilé ìwòsàn náà bá kọ orúkọ yín, tí àyè sì wà, wọ́n á fi yín síbẹ̀ ná, àmọ́ kò tíì di tiyín. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù yín lọ bá dé, tí àyè ti kún, ẹ ó dìde fún un, kọ̀ǹpútà á sì gbé yín lọ síbi tí ẹ kọ ṣìkejì. Ní ibi kejì yìí, bí wọ́n bá fẹ́ràn yín ju ẹni tó ti jókòó lọ, òun náà á dìde fún yín, kódà bó jẹ́ pé ibẹ̀ ló kọ ṣáájú. Kò sẹ́ni tó máa bínú pé ẹ kọ òun ṣìkejì. Ẹ ò pàdánù ohunkóhun bí ẹ bá kọ ibi tó wù yín ṣáájú. Ẹni tó wá lo ọgbọ́n àgbọ́njù, tó fi ibi tó dá a lójú sókè, wọ́n á fún un níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Kò ní mọ̀ láéláé bóyá ibi ọkàn rẹ̀ ì bá gbà á.

Ọ̀mọ̀wé Alvin Roth, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, wà lára àwọn tó tún Match ṣe ní àwọn ọdún 1990 kó lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Òun àti Lloyd Shapley, onímọ̀ ìṣirò, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2012.

Ní UK, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀. Láti 2024, wọn ò wo máàkì ìdánwò mọ́ láti fi mọ ẹkùn tí dókítà tuntun yóò ti ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké, tí á fún kálukú ní nọ́ńbà tí wọ́n á fi tò wọ́n sórí ìlà. Ní ìpele kìíní, ibi tí kálukú kọ ṣáájú nìkan ni wọ́n ń wò. Àwọn tí kò bá rí i gbà ni wọ́n á wá fi ìyókù tọ́jú. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó kọ ẹkùn kan ṣìkejì lè ní nọ́ńbà tó dáa, kí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti gba ibẹ̀, torí pé òun kọ ọ́ ṣáájú. Níbí, ìmọ̀ràn òǹkàwé yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Lójú tèmi, ètò tó ń sọ èèyàn di oníṣirò báyìí kò dáa. Àwọn ará Birmingham àti Newcastle, ní UK kan náà, ti dán irú rẹ̀ wò ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: ètò tó ń bu iyì fún ẹni tó kọ ilé ìwòsàn kan ṣáájú. Kò pẹ́ tí dókítà àti ilé ìwòsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdéhùn ní kọ̀rọ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde, wọ́n sì pa ètò náà tì nígbẹ̀yìn. Edinburgh àti Cardiff tó lo ìlànà tó jọ ti Amẹ́ríkà kò rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò yìí, níbikíbi tí wọ́n bá wà, kò pọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú ewé kìíní fọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe ń pín àyè, pẹ̀lú àpẹẹrẹ, ní èdè tó yé èèyàn. Kí wọ́n sì ká àwọn ilé ìwòsàn tó ń bi àwọn ọmọ pé “ipò kelòó lẹ fi wá sí?” lọ́wọ́ kò. Òfin Match ka ìbéèrè yẹn léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí níbi gbogbo.

Ní ti bí a ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó wuni, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń wo orúkọ ilé ìwòsàn jù. Wọ́n ì bá béèrè ẹ̀ka tí wọ́n máa yí ká, àti oṣù mélòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ pé ta ló máa ń dáhùn bí àìsàn ẹnì kan bá le sí i lóru, àbí dókítà tuntun nìkan ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àyè bá wà, ẹ fi lẹ́tà yìí síbi tí ẹ fi tàkọ́kọ́ sí, kí fọ́ọ̀mù tó tì.

Èmi ni,
Dókítà kan tó ń kọ́ àwọn dókítà tuntun