Ẹ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Yorùbá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí àwọn olùwádìí tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ ní Yorùbá. Láti ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́" ni ìtọ́jú fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó, tó sì tún gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé kí wọ́n lo oògùn wọn, di ọmọ àti ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà (iṣẹ́ ńlá ni o). Fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí àwọn olùwádìí máa ń pín fún wa kò béèrè èyí rí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.