Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé kámpéènì 2023

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. L'Ákùúrẹ́ níbí wọ́n ti ń pariwo ìdìbò 2027, a sì ti gbàgbé ohun táwọn tó ń díje fún ipò ààrẹ sọ nígbà kámpéènì 2023. Atiku dé Kàdúná l'óṣù kẹwàá 2022, ó ní ará Àríwá ò nílò olùdíje Yorùbá àbí Igbo, ẹni tó fẹ́ ṣolórí gbogbo wa o, ó dùn mí gan-an. Tinubu náà dé Chatham House, ilé ìwádìí àti ìjíròrò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ló bá pín in fáwọn tó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n dáhùn, àwa ń pàtẹ́wọ́ torí ọmọ wa ni, èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó tún kó fìlà àti ìrẹsì wá s'Ọ́jà Ọba.

Òǹkàwé yín, Àkúrẹ́