Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tọ́jú eku

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méjìlélógún ni mo fi tọ́jú eku funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí nílé ẹranko ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìdí-Àbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà bi mí pé, "Màmi, kí la fẹ́ fi eku ṣe? Ṣebí èèyàn la máa tọ́jú." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mi ò lè dákẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan fẹ́ mọ̀ nígbà kan bóyá omi ewúro ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ìtòkú ṣe máa ń sọ. Wọ́n gún àwọn eku lábẹ́rẹ́ alloxan, tó máa ń ba ibi tí ara ti ń ṣe insulin (èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) jẹ́, kí àtọ̀gbẹ lè mú wọn. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, eku mẹ́fà ti kú. Wọ́n ní ṣúgà ló pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kù ná. Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá! Bí alloxan bá ń pa ibẹ̀, insulin tó wà níbẹ̀ á tú jáde, ṣúgà á kọ́kọ́ já wálẹ̀ kó tó wá gòkè. Omi glúkóòsì ló yẹ kí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn mọ́jú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sunkún.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n gbé eku kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí kò ní mu ewúro rárá, wọ́n dúró fọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó wọn ṣúgà. Ewúro kò ṣe nǹkan kan fún eku méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ yọ wọ́n kúrò nínú ìwé, àwọn yòókù kọ̀. Mi ò mọ ìwé tí wọ́n lè há sórí tó máa kọ́ wọn níyẹn.

Lọ́dún 1889, àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Minkowski àti von Mering, yọ pancreas, ẹ̀yà inú tó ń ṣe insulin, kúrò nínú ajá kan, àtọ̀gbẹ sì mú un. Lára àwọn ajá mìíràn ni Banting àti Best ti wá insulin rí ní Toronto lọ́dún 1921. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Best nígbà yẹn, kò tíì di dókítà. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n ti ń fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ní insulin.

Mi ò sọ pé kí a fìyà jẹ ẹranko lásán. Eku díẹ̀ tó fún ìbéèrè kan ti tó, kí a sì máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìrora. Àwọn oníṣègùn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, Ṣàgámù tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà kò sì jìnnà sí wa. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ṣàgámù, ẹ bá àwọn oníṣègùn ẹranko náà sọ ọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín má dúró di ọdún tí wọ́n máa jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwádìí.

Ìyá kan, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì,
Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta